Ìhà tí Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì ń Kọ sí Ẹ̀kọ́ Orí Ayélujára àti Ẹ̀kọ́ Aládàpọ̀

Ìfáàrà

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ní Nàìjíríà léèrè bóyá ó fẹ́ràn ẹ̀kọ́ orí ayélujára, ìdáhùn rẹ̀ lè yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ní ọjọ́ tí òjò kò jẹ́ kí ó rí ọkọ̀ wọ̀ dé ọgbà, tí olùkọ́ sì fi ohùn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ránṣẹ́ sórí WhatsApp, yóò ní irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ dára púpọ̀. Ní ọjọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ láàárín ìdánwò, tí ó sì ku ìbéèrè márùn-ún tí kò tíì dáhùn, yóò ní kí wọ́n má ṣe fi irú rẹ̀ lọ òun mọ́. Ẹnì kan náà ni ó sọ ọ̀rọ̀ méjèèjì, kò sì purọ́ nínú ọ̀kankan wọn.

Èyí ni kò jẹ́ kí a lè fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ parí ọ̀rọ̀ nípa ìhà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ sí ẹ̀kọ́ orí ayélujára. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré, nítorí pé àwọn aláṣẹ yunifásítì a máa fi ìdáhùn akẹ́kọ̀ọ́ pinnu iye iṣẹ́ tí yóò dúró sí kíláàsì àti iye tí yóò lọ sórí ẹ̀rọ. Àlàyé tí a fẹ́ ṣe níhìn-ín ni pé ohun mẹ́ta ni akẹ́kọ̀ọ́ ń wò kí ó tó kọ ìhà kan tàbí òmíràn: ìwúlò ẹ̀kọ́ náà, owó tí yóò ná an, àti ipò tí òun fúnra rẹ̀ wà lójú olùkọ́, lójú ẹgbẹ́ rẹ̀ àti lójú àwùjọ. Ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ jù lọ. Èdè olóhùn ni Yorùbá, púpọ̀ nínú ohun tí a ń kọ́ nípa rẹ̀ ni ó sì jẹ́ ti ẹnu àti etí. Nítorí náà, ibi tí ayélujára ti ràn wá lọ́wọ́ àti ibi tí ó ti kùnà máa ń tètè hàn lára rẹ̀.

Ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ pàtàkì

Ẹ̀kọ́ ojúkojú ni èyí tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ jọ wà nínú yàrá kan náà ní àkókò kan náà. Ẹ̀kọ́ orí ayélujára pín sí ọ̀nà méjì. Èkíní ni ẹ̀kọ́ ojú-ẹsẹ̀, tí gbogbo ènìyàn jọ wà lórí ẹ̀rọ ní wákàtí kan náà, bí a ṣe ń ṣe é lórí Zoom tàbí Google Meet. Èkejì ni ẹ̀kọ́ àfipamọ́, èyí tí olùkọ́ ti gbà sílẹ̀ tàbí kọ sílẹ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì lè lò nígbà tí ó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó yẹ kí a mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa, nítorí pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní òun kò fẹ́ ẹ̀kọ́ orí ayélujára, ẹ̀kọ́ ojú-ẹsẹ̀ nìkan ni ó ní lọ́kàn.

Ẹ̀kọ́ aládàpọ̀ ni èyí tí a mọ̀ọ́mọ̀ pín iṣẹ́ kọ́ọ̀sì kan sí méjì, tí apá kan jẹ́ ti yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, tí apá kejì sì jẹ́ ti ayélujára, tí ọ̀kan ń ti èkejì lẹ́yìn. Olùkọ́ tí ó kọ́ni tán ní kíláàsì, tí ó wá da ìwé mẹ́wàá sínú ẹgbẹ́ WhatsApp ní alẹ́ ọjọ́ náà, kò tíì ṣe ẹ̀kọ́ aládàpọ̀. Ẹrù ni ó fi kún ẹrù.

Ìhà, nínú ara ènìyàn, ni ẹ̀gbẹ́. Bí a bá wá sọ pé ẹnì kan kọ ìhà báyìí sí nǹkan, ohun tí a ń sọ ni bí ó ṣe dúró sí nǹkan náà: ṣé ó fẹ́ sún mọ́ ọn ni, àbí ó fẹ́ yẹra fún un? Àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá a máa pín ìhà sí ọ̀nà mẹ́ta: ohun tí ènìyàn gbà gbọ́ nípa nǹkan, bí nǹkan náà ṣe rí lára rẹ̀, àti ohun tí ó máa ń ṣe sí i. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè takora. Akẹ́kọ̀ọ́ lè gbà pé ẹ̀kọ́ orí ayélujára wúlò, kí ó máa bẹ̀rù láti sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kí ó sì máa wọlé lójoojúmọ́ nítorí pé máàkì wà fún wíwá sí kíláàsì. Yorùbá tún ní ìhà kò-kàn-mí, èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ lórí Zoom: orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ wà lójú ẹ̀rọ, ó ti pa kámẹ́rà rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì ti lọ sí ìdí omi.

Ibi tí a ti ń bọ̀

Kíkọ́ ẹ̀kọ́ láti òkèèrè kì í ṣe ohun tuntun láàárín wa. Kí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tó lọ kà nípa òfin ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ó ti gba oyè B.Com. ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1944 nípa ẹ̀kọ́ àfilẹ́tà-kọ́. Ní ọdún 1974, Yunifásítì Èkó dá ẹ̀ka sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àfilẹ́tà-kọ́, kí àwọn òṣìṣẹ́ lè gba oyè láì fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀. Ní ọdún 1983, ìjọba àpapọ̀ fi òfin gbé Yunifásítì Àpapọ̀ Onílẹ̀kùn Ṣíṣí, NOUN, kalẹ̀. Ìjọba ológun dá a dúró ní ọdún 1984, kò sì tún dìde títí di ìgbà ìṣèjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gẹ́gẹ́ bí ààrẹ alágbádá.

Ọ̀nà mìíràn tún wà. Ní ọdún 2013, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Wọ́n yá orúkọ rẹ̀ láti ara ọpọ́n Ifá, wọ́n sì kó ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá sínú rẹ̀, kí ọmọ lè máa kà á láì ra dátà. Ìlànà yìí fi hàn pé ẹ̀kọ́ orí ẹ̀rọ àti ẹ̀kọ́ orí ayélujára kì í ṣe ohun kan náà, ó sì yẹ kí a fi í sọ́kàn nígbà tí a bá dé orí ọ̀rọ̀ ìnáwó.

Fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní yunifásítì ní ọdún 2020, àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà ni ó kọ́kọ́ mú wọn mọ ẹ̀kọ́ orí ayélujára. Ní oṣù Kẹta ọdún náà ni ìjọba pàṣẹ pé kí a ti ilé-ẹ̀kọ́ pa. Ọ̀pọ̀ yunifásítì aládàáni gbé iṣẹ́ wọn lọ sórí ayélujára láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ní ti yunifásítì ìjọba, oṣù Kẹta náà ni ìyanṣẹ́lódì ẹgbẹ́ ASUU bẹ̀rẹ̀, kò sì parí títí di oṣù Kejìlá. Ọdún méjì lẹ́yìn èyí, ìyanṣẹ́lódì mìíràn tún gba oṣù mẹ́jọ, láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì sí ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2022. Nítorí náà, ìrírí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò dọ́gba. Àwọn kan mọ ayélujára gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó gba ọdún wọn sílẹ̀ lọ́wọ́ àfiṣòfò. Àwọn mìíràn mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n fi sáré kó iṣẹ́ oṣù mẹ́fà sí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nígbà tí wọ́n padà wọlé. Bí àwọn méjèèjì bá wá dáhùn ìbéèrè kan náà lónìí, ọ̀rọ̀ wọn kò lè dọ́gba.

Ohun tí ń darí ìhà akẹ́kọ̀ọ́

*Ìwúlò àti ìrọ̀rùn.* Ní ọdún 1989, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Fred Davis gbé tíọ́rì kan jáde nípa ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń tẹ́wọ́ gba ẹ̀rọ tuntun. Ó ní ohun méjì ni ènìyàn ń wò: ṣé yóò wúlò fún iṣẹ́ mi, ṣé kò sì ní ṣòro láti lò? Tíọ́rì yìí ran àwọn olùwádìí lọ́wọ́ gan-an, ó sì bá ohun tí à ń rí mu. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lè dá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹta kí ó lè gbọ́ àlàyé lórí àránmọ́ fáwẹ́lì yóò rí ìwúlò rẹ̀ kíákíá. Àmọ́ inú ọ́fíìsì ni Davis ti ń wo ọ̀rọ̀ náà, níbi tí ilé-iṣẹ́ ti ra ẹ̀rọ, tí iná sì ń tàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tiwa ní láti bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kẹta: ta ni yóò san owó rẹ̀?

*Ìnáwó.* Kíláàsì fídíò wákàtí kan lè jẹ dátà tí ó sún mọ́ gígábáìtì kan tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ní kọ́ọ̀sì mẹ́jọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń pàdé lórí Zoom fún wákàtí méjì lọ́sẹ̀, ìṣirò náà kò ṣòro. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, àjọ NCC fọwọ́ sí i pé àwọn iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ lè fi ohun tí kò ju 50% lọ kún owó tí wọ́n ń gbà. Owó yìí ń bọ̀ lórí owó oúnjẹ, owó ilé àti owó ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni iná mànàmáná kò dúró sójú kan, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì ń sanwó fún ẹni tí yóò bá a fi ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ gba iná sí fóònù. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ tí a sì fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp yàtọ̀ pátápátá. Wákàtí kan rẹ̀ kì í sábà ju mẹ́gábáìtì díẹ̀ lọ, a sì lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹwàá lẹ́yìn tí a bá ti gbà á wọlé. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá sọ pé ayélujára sú òun, ó yẹ kí olùkọ́ kọ́kọ́ wò ó bóyá fídíò ni ó sú u.

*Ojúkojú.* Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ojú ni olùkọ́ fi ń mọ̀ pé ẹ̀kọ́ kò yé ẹni tí ó wà lẹ́yìn pátápátá, ojú sì ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń mọ̀ pé ìbéèrè òun kò bí olùkọ́ nínú. Michael Moore, tí ó kọ̀wé púpọ̀ lórí ẹ̀kọ́ òkèèrè, ṣàlàyé pé iye máìlì tí ó wà láàárín olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ni jíjìnnà tí ó ṣe pàtàkì. Jíjìnnà gidi ni ti òye àti ìfọ̀rọ̀wérọ̀, ó sì lè wà nínú kíláàsì tí ẹgbẹ̀rún kan akẹ́kọ̀ọ́ kún inú rẹ̀ dé ojú fèrèsé. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gan-an. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń gba kọ́ọ̀sì gbogboogbò nínú gbọ̀ngàn ńlá, tí kò rí olùkọ́, tí kò sì gbọ́ ọ yékéyéké, kò pàdánù ohun púpọ̀ bí kọ́ọ̀sì náà bá lọ sórí ayélujára. Ẹni tí ó wà nínú kíláàsì ènìyàn méjìlá, tí olùkọ́ mọ orúkọ rẹ̀ tí ó sì mọ ìlú rẹ̀, yóò pàdánù rẹ̀ gan-an. Ìdí nìyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ kékeré bíi tiwa fi lè kọ ìhà tí ó yàtọ̀ sí ti àwọn tí ó wà ní ẹ̀ka ńlá, bí wọ́n tilẹ̀ wà nínú ọgbà kan náà.

*Iyì ìwé-ẹ̀rí.* Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tí ó kẹ́kọ̀ọ́ òfin jáde ní NOUN kò rí àyè wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn agbẹjọ́rò, àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde rẹ̀ kò sì rí àyè bá ẹgbẹ́ wọn sin ilẹ̀ baba wọn lábẹ́ NYSC. Ọ̀rọ̀ nípa ẹ̀kọ́ àfilẹ́tà-kọ́ tí ó wà nínú òfin tí ó dá yunifásítì náà sílẹ̀ wà lára ohun tí ó dí wọn lọ́wọ́, títí a fi ṣe àtúnṣe sí òfin náà. Ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fi sílẹ̀ lọ́kàn àwọn ènìyàn kì í tètè kúrò. Òbí tí ó ń bẹ̀rù pé wọn yóò fojú kéré ìwé-ẹ̀rí ọmọ òun yóò kọ ìhà tí kò dára sí ẹ̀kọ́ náà, ọmọ yóò sì gbà á lẹ́nu rẹ̀, kódà bí kò bá tíì wọ kíláàsì orí ayélujára rí.

Ìhà yàtọ̀ sí ìmọ̀

Ó rọrùn láti rò pé ọ̀nà tí akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn ni ọ̀nà tí ó fi ń mọ̀wé jù. Ìwádìí kò tì í lẹ́yìn nígbà gbogbo. Ní ọdún 2019, Louis Deslauriers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Harvard gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì. Apá kan jókòó gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ó já geere; apá kejì ni wọ́n fún ní iṣẹ́ láti jọ ṣe fúnra wọn nípa ẹ̀kọ́ kan náà. Àwọn tí ó ṣiṣẹ́ fúnra wọn ni ó mọ̀ ọ́n jù nígbà ìdánwò, síbẹ̀ àwọn ni ó rò pé àwọn kò kọ́ nǹkan púpọ̀. Ẹ̀kọ́ ojúkojú ni wọ́n ń ṣe nínú ìwádìí náà, àmọ́ ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kan ayélujára pẹ̀lú: bí iṣẹ́ ṣe le tó lára akẹ́kọ̀ọ́ lè mú un rò pé kò yé òun, nígbà tí ó jẹ́ pé líle náà gan-an ni ó ń mú un yé e.

Ṣáájú ìgbà náà, ní ọdún 2009, Ilé-iṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà tẹ àgbéyẹ̀wò kan jáde lórí ọ̀pọ̀ ìwádìí tí ó fi ẹ̀kọ́ orí ayélujára wé ẹ̀kọ́ ojúkojú. Ẹ̀kọ́ aládàpọ̀ ni ó ní àǹfààní díẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ ojúkojú lásán. Àwọn tí ó kọ ọ́ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà pé ẹ̀rọ ni ó ṣe é, nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́ aládàpọ̀ sábà máa ń ní àkókò àti ohun èlò ìkẹ́kọ̀ọ́ tí ó ju ti àwọn ìyókù lọ. Èyí túmọ̀ sí pé bí a bá gbé kọ́ọ̀sì lọ sórí ayélujára kí a lè dín àkókò àti owó kù, a kò gbọdọ̀ máa retí àǹfààní yìí.

Ohun tí ó kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá

*Ohùn àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì.* Àwọn kan a máa sọ pé a kò lè kọ́ èdè olóhùn lórí ẹ̀rọ nítorí pé ẹ̀rọ máa ń ba ohùn jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Tẹlifóònù àtijọ́ kì í gbé gbogbo ìró kọjá, síbẹ̀ àwọn Yorùbá ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, wọ́n sì ń gbọ́ ara wọn, nítorí pé etí lè fi ìwọ̀nba tí ó bá gbọ́ mọ bí ohùn ṣe lọ sókè tàbí sódò. Ohun tí ó ń ba ẹ̀kọ́ jẹ́ ni kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì gé sílébù jẹ. Bí olùkọ́ bá ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi àmì sí *ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀*, tí sílébù ìgbẹ̀yìn kò sì dé ọ̀dọ̀ wọn, kò sí bí ẹni tí ń gbọ́ ṣe lè mọ̀ bóyá ọkọ́ tí a fi ń roko ni olùkọ́ pè tàbí ọkọ̀ tí a ń wọ̀. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ ṣáájú kò ní ìṣòro yìí. Èyí ni pé ẹ̀kọ́ fonọ́lọ́jì lè dára lórí ayélujára, bí ó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ àfipamọ́.

*Ìlù àti ariwo.* Ọ̀pọ̀ ètò ìpàdé orí ayélujára ni a ṣe láti mọ ohùn ènìyàn yàtọ̀ sí ariwo, kí wọ́n sì pa ariwo náà. Bí onílù bá fi dùndún pe oríkì nínú kíláàsì lórí Zoom, ètò náà lè ka ìlù sí ariwo kí ó sì gbé e mì, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa rí ọwọ́ onílù láì gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Zoom ní ààtò kan tí a ń pè ní Original Sound for Musicians tí a lè tàn kí ó má baà ṣe bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ èyí yóò pinnu pé ẹ̀kọ́ ìlù kò ṣe é ṣe lórí ẹ̀rọ, ìhà rẹ̀ yóò sì dúró lórí ohun tí a lè tún ṣe ní ìṣẹ́jú kan.

*Lílé àti ègbè.* Ibì kan wà tí àtúnṣe kò sí. Ohùn máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ó tó ti ibì kan dé ibòmíràn lórí ayélujára, pípẹ́ náà kò sì dọ́gba fún gbogbo ènìyàn. Bí olùkọ́ bá ní “Ààlọ́ o!”, kò sí bí ogójì akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè jọ dáhùn “Ààlọ̀!” lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ìdáhùn yóò máa jábọ́ bí òjò tí ó kù sórí páànù. Lítíréṣọ̀ alohùn tí ó nílò ègbè, àti èyí tí apohùn ń wo ojú àwùjọ kí ó tó mọ ibi tí yóò yà sí, kò lè pé lórí Zoom. Akẹ́kọ̀ọ́ lè wo fídíò ìjálá tàbí ẹkún ìyàwó, kí ó sì ṣe àtúpalẹ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dáadáa, àmọ́ kò ní mọ ohun tí àwùjọ fi kún un àyàfi bí ó bá ti jókòó sí àárín wọn.

*Àmì ohùn àti kóòdù.* Ìdánwò orí kọ̀ǹpútà tí a ń dáhùn pẹ̀lú títẹ ọ̀rọ̀ ní ewu kan tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Nínú ìlànà Unicode tí àwọn ẹ̀rọ fi ń tọ́jú lẹ́tà, *ọ* ní kóòdù tirẹ̀, *ó* náà sì ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n *ọ́* kò ní ẹyọ kóòdù kan tí ó dá dúró. Ẹ̀rọ kan lè kọ *ọ* kí ó tó fi àmì ohùn òkè lé e. Òmíràn lè kọ *ó* kí ó tó fi àmì sí abẹ́ rẹ̀. Ojú wa kò lè rí ìyàtọ̀ kankan láàárín wọn, àmọ́ kóòdù wọn kò dọ́gba. Ètò ìdánwò tí a kọ dáadáa máa ń sọ wọ́n di ọ̀kan kí ó tó fi wọ́n wéra. Èyí tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ lè fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ *ọkọ́* tí ó tọ̀nà ní òdo. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí ọ, má ṣe gbà pé o kùnà. Ya àwòrán ìdáhùn rẹ, kí o sì mú un tọ olùkọ́ lọ.

*Àwọn tí ó jìnnà.* Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gbé ní Kánò, Jọ́ọ̀sì tàbí Pọtakọ́ọ̀tù lè má gbọ́ Yorùbá púpọ̀ bí kíláàsì bá ti tú. Fún un, ayélujára ni ọjà tí ó ti lè pàdé èdè náà: ìròyìn BBC Yorùbá, eré, orin àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àwọn àgbà. Àǹfààní wà níbẹ̀ fún elédè àdúgbò pẹ̀lú. Ọmọ Yàgbà tàbí Ìgbómìnà tí àwọn kan ń fi ẹ̀ka-èdè rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ní kíláàsì lè dá gbọ́ Yorùbá àjùmọ̀lò nígbà tí ó bá fẹ́, kí ó sì tún gba ohùn ìyá àgbà rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo kíláàsì láti kẹ́kọ̀ọ́ lára rẹ̀. Bí a bá ní kí a kọ ayélujára sílẹ̀ nítorí ìṣòro tí a kà sókè yìí, irú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí ni a ó fi sílẹ̀ lẹ́yìn.

Bí a ṣe lè pín iṣẹ́

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí a bá fi òwe yìí wo ẹ̀kọ́ aládàpọ̀, ìbéèrè tí ó yẹ kí a máa bi ara wa nípa iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ọwọ́ wo ni ó tó o.

Ohun tí ó nílò àtúngbọ́, bí ìró èdè, àmì ohùn, ìtàn ìdàgbàsókè àkọtọ́ àti àlàyé tíọ́rì lítíréṣọ̀, yẹ fún ẹ̀kọ́ àfipamọ́, pàápàá nínú ohùn tàbí ìwé tí kò jẹ dátà. Ohun tí ó nílò àríyànjiyàn lè wáyé ní kíláàsì, kí a sì máa bá a lọ ní kíkọ sílẹ̀ lórí ẹgbẹ́ kíláàsì, níbi tí onítìjú ti lè rí àyè sọ tirẹ̀. Ohun tí ó nílò ara, bí ìṣeré, ìlù, ègbè, ìkíni pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀, àti ìrìn-àjò ìwádìí lọ sọ́dọ̀ àwọn apohùn, gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ojúkojú. Àgbà tí a fẹ́ gba oríkì orílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ kò ní sọ ọ́ tán fún ẹni tí kò rí. Kódà bí ó bá sọ ọ́, ó yẹ kí a gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí a tó gbé ohùn rẹ̀ sórí ayélujára.

Fún ẹni tí ó fẹ́ ṣe ìwádìí

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún kẹrin ni ó ń mú àkòrí yìí fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣekágbá. Ohun mẹ́rin ni ó yẹ kí wọ́n ṣọ́ra fún.

1. Bí o bá pín ìwé ìbéèrè rẹ lórí ayélujára nìkan, àwọn tí kò ní dátà kò ní dáhùn, àbájáde rẹ yóò sì fi hàn pé gbogbo ènìyàn fẹ́ràn ayélujára. Tẹ díẹ̀ sórí ìwé, kí o sì pín in ní ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́.
2. Má ṣe bèèrè ohun méjì nínú gbólóhùn kan. “Ẹ̀kọ́ orí ayélujára rọrùn, kò sì wọ́nwó” kò ṣe é dáhùn fún ẹni tí ó gbà pé ó rọrùn ṣùgbọ́n tí ó ń sanwó púpọ̀.
3. Ya ẹ̀kọ́ ojú-ẹsẹ̀ sọ́tọ̀ sí ẹ̀kọ́ àfipamọ́, kí o sì bèèrè nípa kọ́ọ̀sì kan pàtó dípò ẹ̀kọ́ lápapọ̀.
4. Bí ó bá ṣe é ṣe, fi ìhà tí wọ́n sọ wé ohun tí wọ́n ṣe. Ìgbà mélòó ni wọ́n ṣí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà? Ṣé wọ́n gbọ́ ọ parí?

Ìgúnlẹ̀

Bí àwọn aláṣẹ bá ka ìdáhùn rere akẹ́kọ̀ọ́ sí àṣẹ láti gbé gbogbo kọ́ọ̀sì lọ sórí ẹ̀rọ, a lè máa fún àwọn ènìyàn ní oyè nínú Yorùbá láì jẹ́ pé wọ́n gbé ègbè rí. Bí wọ́n bá sì ka ìdáhùn búburú sí ìdí láti má ṣe ohunkóhun, ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ tí ó ń kàwé àti ẹni tí ó ń gbé níbi tí a kò ti ń sọ Yorùbá yóò máa pàdánù. Ọwọ́ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ni apá kan ọ̀rọ̀ yìí wà. Nígbà tí wọ́n bá tún fún yín ní ìwé ìbéèrè ní òpin sáà ẹ̀kọ́, ẹ má ṣe fi àmì sí “mo fara mọ́ ọn” tàbí “n kò fara mọ́ ọn” kí ẹ sì kọjá lọ. Ẹ lo àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ nísàlẹ̀ ìwé náà láti sọ kọ́ọ̀sì tí ẹ ń sọ nípa rẹ̀, irú ẹ̀kọ́ orí ayélujára tí ó jẹ́, iye tí ó ná yín, àti ohun tí ẹ rò pé ó yẹ kí ó padà sí kíláàsì.